LASU, Yunifásítì Tó Ń Sùn Ládùúgbò Wa

Tó o bá wà nínú dáńfó, jọ̀ọ́ yọ íápíìsì kan létí kí kọ̀ńdọ́tọ̀ má baà gbé ọ kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù rẹ.

Ọmọbìnrin kan láti Ìgàndó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó fẹ́ kọ ìwé JAMB, kò sì mọ̀ bóyá LASU ló yẹ kí òun fi sí ipò kìíní àbí UNILAG. Ìyá rẹ̀ ní LASU ni kó mú, torí ó súnmọ́ ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kò fẹ́ kúrò lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ ni. Ní ìparí ohùn yẹn ló bi wá léèrè, àfi bíi pé ó fẹ́ sunkún: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé yunifásítì gidi ni LASU, àbí ilé-ìwé àdúgbò?”

Ọmọ wa, méjèèjì ni. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni bó ṣe jẹ́ pé àdúgbò yẹn gan-an ló sọ LASU di ohun tó jẹ́, ire rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù yẹ kó mọ irú ilé tó fẹ́ wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọkọ̀. Tó o bá ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá, wàá já sí ráńdábáọ́ọ̀tù Ìṣẹ́rí, wàá sì bọ́ sórí títì tí gbogbo wa ń pè ní LASU-Ìṣẹ́rí. Tó bá jẹ́ Ìkòtún lo ti gbéra, ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndó ni. A ó pàdé ní Ìgàndó. Láti ibẹ̀, ó di Àkẹ̀sán, ó di Ọbadore, ó di Ìbà, kó o tó rí ọgbà yunifásítì náà. Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀ o: àwọn èèyàn tí wọn ò wọ kíláàsì LASU rí láyé wọn ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìgbà ogún lóòjọ́. “LASU! LASU! Ìyànà-Ìbà! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Ìyá tó ń ta tòmátì ní Ìgàndó mọ LASU gẹ́gẹ́ bí ibi tí títì parí sí.

Ní Ìgàndó yìí náà ni ààtàn Solous wà, létí títì. Bí wíńdò ọkọ̀ bá ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé o ti débẹ̀. Ẹ fi ààtàn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Báwo ni yunifásítì ṣe wá dé apá ibí? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ ká má dárúkọ Alhaji Lateef Jákàńdè, tí àwọn èèyàn ń pè ní Bàbá Kékeré. Akọ̀ròyìn ni wọ́n kí wọ́n tó di gómìnà. Ọdún 1949 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ní Daily Service, kí wọ́n tó lọ sí Tribune. Nígbà tí wọ́n di gómìnà Èkó ní ọdún 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni àkọ́kọ́ nínú ìlérí tí wọ́n bá dé. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọmọ kan ń lọ síléèwé láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, torí kíláàsì kò tó. Jákàńdè fòpin sí ti ọ̀sán. Wọ́n kọ́ kíláàsì kíákíá, wọ́n kọ́ ọ lówó pọ́ọ́kú, débi pé àwọn alátakò wọn ń pè é ní ilé adìyẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa tó dàgbà ní Èkó, inú ilé adìyẹ yẹn ni wọ́n ti kọ́ A, B, D.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ tó wọ ilé-ìwé girama lọ́dún 1979, ọdún márùn-ún ni yóò lò níbẹ̀, torí ètò ọdún mẹ́fà kò tíì dé. Ọdún 1984 ló máa jáde. Níbo ló máa wá lọ? Ọdún 1962 ni wọ́n dá UNILAG tó wà ní Akọka sílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni. Ọmọ Èkó, ọmọ Kánò, ọmọ Calabar, gbogbo wọn ló jọ ń tò síbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 ló wá ṣílẹ̀kùn, torí ó gba ìpínlẹ̀ láàyè láti dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀. Bendel ṣe tirẹ̀ ní Ekpoma ní 1981. Ògùn àti Oǹdó ṣe tiwọn ní 1982. Èkó ṣe òfin LASU ní 1983, ọdún kan péré kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jáde ní girama. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlábí Olúmidé ni gíwá àkọ́kọ́.

Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1983 yẹn gan-an. Jákàńdè lọ, LASU dúró. Mo máa ń rò ó pé ká ní oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó ṣe òfin yẹn, bóyá ọkọ̀ tó ń lọ sí “LASU” kò ní sí lónìí.

Ibi tí wọ́n fi í sí ni Ọ̀jọ́, ilẹ̀ àwọn Àwórì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ má fi ojú òní wò ó. Kì í ṣe àárín ìlú nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò Volkswagen ti ń to ọkọ̀ lọ́nà yẹn láti 1975; òun ló fi orúkọ sílẹ̀ fún bọ́sítọ́ọ̀pù tí a ṣì ń pè ní Volks títí dòní. Báráàkì sójà wà níbẹ̀. Ọjà Alábà wà nítòsí. Ní kúkúrú, ibi tí Èkó ń kó ohun tó bá tóbi jù fún àárín ìlú lọ ni. LASU náà bá wọn débẹ̀.

Ìpinnu kan wá wà tí kò jọ bí nǹkan ńlá nígbà yẹn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òun ló bí gbogbo ìwà LASU tí a mọ̀: wọn ò kọ́ họ́stẹ́ẹ̀lì sínú ọgbà Ọ̀jọ́. Yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ilé wá ni. Bí mo ṣe yé e sí, èrò náà ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú. Ọmọ Èkó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ọmọ Èkó sì ní ilé òbí ní Èkó. Kí ló dé tí a ó fi ná owó ìjọba sórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí bẹ́ẹ̀dì wà ní Ẹ̀gbẹ́dá? Fi owó yẹn kọ́ kíláàsì.

Ohun tí wọn ò kà kún un ni pé Èkó yóò fẹ̀, tí góò-sílóò yóò sì fẹ̀ jù ú lọ. Ọmọ tó ní lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ ní Ọ̀jọ́, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìpájà, kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti wà lójú títì. Tí òjò bá rọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá fi máa dé kíláàsì, ó ti lo okun rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá yàrá sí Ìyànà-Ìbà, Ìbà àti Òkokomáíkò. Bí yunifásítì kò bá ní họ́stẹ́ẹ̀lì, gbogbo àdúgbò ló máa di họ́stẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wo ohun tí èyí dá sílẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù tó ní ilé wàá-lókè-wàá-nísàlẹ̀ pín in sí yàrá kéékèèké. Ẹni tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà mọ ọjọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ju àwọn kan nínú kíláàsì lọ. Ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ọlọ́kadà, ajẹ́ǹtì tó ń gba owó “agreement” lọ́tọ̀ tó tún gba “commission” lọ́tọ̀, gbogbo wọn ń jẹun lára yunifásítì náà láì gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé bá wọ ìsinmi, ojú títì Ìyànà-Ìbà máa ń yàtọ̀.

Ó ní apá búburú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ìta, ìta ni ààbò rẹ̀ wà, ìyẹn ni pé nígbà mìíràn kò sí níbì kankan. Ní àwọn ọdún 1990 títí wọ 2000, orúkọ LASU kò dára rárá lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ òbí láti jẹ́ kí ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Àwọn yunifásítì tó ní họ́stẹ́ẹ̀lì náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí, kí n má parọ́ mọ́ LASU nìkan. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀jọ́, ìjà tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà lè parí sí iwájú ilé ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlánrewájú Fágbóhùn jẹ́ gíwá, láàárín 2016 sí 2021, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olókòwò kọ́wọ̀ọ́ láti kọ́ họ́stẹ́ẹ̀lì sínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó tirẹ̀ kọ́lé máa fẹ́ rí owó náà padà, nítorí náà ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀dì ìjọba olówó pọ́ọ́kú ni. Ní ti ọ̀nà, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án 2023, Òkokomáíkò ni wọ́n ní yóò parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó lè máa dúpẹ́ sílẹ̀. Àwa ará Ìgàndó, dáńfó ṣì ni.

Kí n tó gbàgbé: láyé àtijọ́, LASU kò dúró sí Ọ̀jọ́ nìkan. Ó ní àwọn ọgbà kéékèèké káàkiri ìgboro, bí Ìsọlọ̀, Àgége àti Ṣúrúlérè, fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé ẹ̀rí yẹn. Èmi ò bá wọn ṣe é. Ẹni tó ń ti ọ́fíìsì lọ kíláàsì, tó tún dé ilé fọ ẹ̀wù ọmọ, ó kàwé ju èmi lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá síbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Owó.

Títí di ọdún 2011, ₦25,000 ni owó ilé-ìwé LASU lọ́dún. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ yunifásítì náà wò sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀, pé owó tó ń wọlé kò lè gbé yunifásítì gidi. Ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá wá gbé owó náà ga fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ẹ̀ka tó rọjú jù di ₦193,750, ìmọ̀ ìṣègùn di ₦348,750.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sí ilé kan ní Ìkòtún. Bàbá ń ṣe gáàdì, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ló ń gbà, ìyẹn ₦18,000 ní 2011. Láyé ₦25,000, bó bá tọ́jú owó oṣù kan àtààbọ̀, ọmọ ti wọlé. Láyé ₦193,750, owó oṣù bíi mọ́kànlá ni, kí ó má jẹun, kí ó má san owó ilé, kí ó má ra mọ́ọ̀lù kan fún àwọn ọmọ tó kù. Bí ọmọ bá ní dókítà lòun fẹ́ ṣe, owó oṣù mọ́kàndínlógún ó lé díẹ̀, fún ọdún kan péré nínú ẹ̀kọ́ náà. Yunifásítì tí Jákàńdè dá sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá di ohun tí ọmọ gáàdì ń wò láti ojú títì.

Mi ò ní sọ pé ìjọba kò ní ẹjọ́ kankan rò. Wọ́n rò ó, ó sì létí. Yàrá ìwádìí kì í fi àdúrà ra ẹ̀rọ. ₦25,000 lọ́dún, owó lẹ́sìn oṣù méjì ni ní àwọn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Èkó. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé ẹni tí kò lè san lè wá ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ń wọlé dín kù gan-an. Ẹ̀ka mìíràn, àwọn olùkọ́ ń kọ́ ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ nínú kíláàsì ńlá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò dákẹ́. Wọ́n wọ́de, wọ́n lọ sí Aláúsá, wọ́n tún padà lọ. Ohun tó wú mi lórí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ́de, owó àtijọ́ ni àwọn fúnra wọn ń san, torí wọ́n ti wọlé kí àfikún tó dé. Àbúrò tí wọn ò tíì bá pàdé ni wọ́n ń jà fún. Ní àárín ọdún 2014, ìjọba kọ́kọ́ ní òun máa bu díẹ̀ kúrò. Wọ́n ní rárá. Ní oṣù kẹjọ 2014, owó náà padà sí ₦25,000.

Iye yẹn kò lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé, ẹni tó bá ra gààrì mọ ohun tí náírà ti dà. Nítorí náà, ẹ má lọ fi ₦25,000 pète owó ọdún yìí, ojú òpó LASU fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wo iye tó wà níbẹ̀. Ẹ tún wo owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti NELFUND. Oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n buwọ́ lu òfin rẹ̀. Kò ní èlé, ilé-ìwé ni wọ́n ń sanwó ilé-ìwé fún tààrà, ẹni tó bá béèrè fún ti oúnjẹ àti ọkọ̀ sì lè gba ₦20,000 lóṣù. Ẹ̀yáwó ni o, ẹ ó san án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín láti “bá yín kọ” fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń dúró dè é. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Wọn ò dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn ọmọ UNILAG wà nílé, àwọn kan kọ́ ìránṣọ, àwọn kan ń ta nǹkan lórí Instagram. LASU ń kàwé lọ ní tirẹ̀. Ẹni tí kò fojú sí LASU tẹ́lẹ̀ wá ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ní iye tí wọ́n san fún un. Ìjà láàárín àwọn aláṣẹ yunifásítì náà àti àwọn olórí ẹ̀ka ASUU tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n sì lé àwọn kan nínú àwọn olórí náà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ “yunifásítì gidi” tí ọmọbìnrin wa sọ. Ohun tó ń ya yunifásítì sọ́tọ̀ kúrò lára girama ńlá ni ìwádìí, pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, yàtọ̀ sí kíkọ́ni ní ohun tó ti wà nínú ìwé. Ẹ rántí ààtàn Solous. Omi òjò tó bá gba inú ìdọ̀tí kọjá ń wọlẹ̀ lọ. Ṣé ó dé inú kànga àti bóhò àwọn tó ń gbé ibẹ̀? Irin wo ló wà nínú omi yẹn, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó? Àwọn onímọ̀ ti bu omi ní ilé tó súnmọ́ ààtàn náà àti ilé tó jìnnà díẹ̀, wọ́n gbé e lọ yàrá ìwádìí, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìwádìí nìyẹn. Ọmọ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, tó mọ òórùn rẹ̀ nígbà ẹ̀rùn àti nígbà òjò, ó ti ní ìbéèrè tó pọ̀ lọ́wọ́ kó tó wọ kíláàsì kẹ́mísírì.

LASU ní ẹnìkan tó mọ bí a ṣe ń lo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Òkébùkọ́lá, olùkọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, gba àmì ẹ̀yẹ Kalinga ti UNESCO ní 1992, àwọn àti onímọ̀ kan láti Mexico ló jọ gbà á. Àwọn tó bá mú kí sáyẹ́ǹsì yé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún. Wọ́n tún ṣe akọ̀wé àgbà fún NUC, àjọ tó ń ṣàkóso gbogbo yunifásítì Nàìjíríà. Wọ́n wá gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan jáde tó ń jẹ́ CTCA, tó so àṣà, ẹ̀rọ ìgbàlódé àti àyíká pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ògì ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní olùkọ́ fẹ́ kọ́ kíláàsì nípa bí nǹkan ṣe ń kan. Kó tó di ọjọ́ náà, á sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé wọn ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì fi fóònù wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ kan á bi ìyá àgbà rẹ̀: “Ìyá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ògì ti kan tó?” Òmíràn á béèrè ti irú, òmíràn ti ẹmu. Nínú kíláàsì, wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀wọ́, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Olùkọ́ á mú àpẹẹrẹ láti ìta ilé-ìwé níbẹ̀, á dẹ́rìn-ín pa wọ́n díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn kíláàsì, á fi àkópọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, kò sì gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 320 lọ, ojú ewé méjì SMS. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tẹ́tí sí mi lórí fóònù, ṣé ẹ rí i? Fóònù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ní girama, ó di ìwé.

Lórí irú iṣẹ́ báyìí ni Báńkì Àgbáyé ṣe fi LASU kún àwọn ibùdó ìmọ̀ tó ń ràn lọ́wọ́ ní Áfíríkà. Ti LASU ni ACEITSE, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, kíkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 2020, Times Higher Education ti Lọ́ńdọ̀nù gbé àtẹ yunifásítì àgbáyé jáde. Ìbàdàn ló ṣíwájú ní Nàìjíríà, láàárín 401 sí 500. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni LASU, láàárín 501 sí 600. Twitter gbóná lọ́jọ́ yẹn! Àwọn ọmọ Akọka ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Nínú àtẹ ọdún yẹn, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún máàkì wá láti iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan kọ. Kò sẹ́ni tó wá wo bóyá fáànù ń ṣiṣẹ́ ní Buba Marwa Auditorium. Ipò yẹn sì ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún. Ẹ má fi tẹ́ yín lọ́kàn, ẹ má sì fi bú ẹlòmíràn.

Kí n tún fi kún un pé LASU fi obìnrin ṣe gíwá nígbà tí kò wọ́pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jadésọlá Àkàndé, onímọ̀ òfin, ni wọ́n yàn ní 1989. Obìnrin kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbíyẹmí Ọlátúnjí-Bello, di gíwá ní 2021. Ó gba ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ìkejì tó dé, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn orin, Wizkid náà wọ LASU, kò kàwé tán níbẹ̀ kó tó kúrò. Desmond Elliot kàwé tirẹ̀ tán ní ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé.

Ó yá, ọmọ Ìgàndó, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ wàyí. Ohun tí ìyá rẹ sọ kò burú. Tó o bá ń ti ilé lọ, owó yàrá Ìyànà-Ìbà, agreement àti commission, gbogbo rẹ̀ dúró sínú àpò ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n bi ìyá rẹ ní ìbéèrè kan: kọ́ọ̀sì wo? Torí LASU kò sí lójú kan. Bí ìmọ̀ ẹ̀rọ lo fẹ́, Ẹ̀pẹ́ ló wà, ìparí Èkó lọ́hùn-ún; láti Ìgàndó, ó yá ọ láti dé Àbẹ́òkúta. Iṣẹ́ àgbẹ̀ náà, Ẹ̀pẹ́ ni. Bí ìṣègùn ni, Ìkẹjà ni, níbi tí wọ́n ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1999, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwòsàn tó di LASUTH ní 2001. Òfin, ẹ̀kọ́ okòwò, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ olùkọ́, ìyẹn ni Ọ̀jọ́, ìyẹn ni ọkọ̀ kan láti iwájú ilé rẹ.

Bí iṣẹ́ olùkọ́ ló wà lọ́kàn rẹ, mọ̀ pé láti ọdún 2022, ìjọba Èkó ti sọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ rẹ̀ méjèèjì di yunifásítì kan, LASUED, ó sì sọ LASPOTECH di LASUSTECH. LASUED ní ọgbà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà, wàá kàn kọjá LASU díẹ̀ ni. Yunifásítì ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló wà báyìí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn jọra débi pé àwọn kan ti lọ kọ èyí tí wọn ò fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ka lẹ́tà tó wà níwájú rẹ dáadáa kó o tó tẹ “submit”.

Kí o tó pinnu, ṣe nǹkan kan fún mi. Dìde ní ọjọ́ Ajé kan, aago márùn-ún àbọ̀, wọ ọkọ̀ ní Ìgàndó bíi pé o ní lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ. Rìn wọ inú ọgbà, jókòó síbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí, bi méjì mẹ́ta nínú wọn léèrè ibi tí wọ́n ti jí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ ọkọ̀ padà. Fi aago tó o délé ránṣẹ́ sí wa, a máa kà á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.